Ilé ọtí tó gbé Ọba Kò So jáde: kí la fẹ́ fi tiwa ṣe?

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí Wàásápù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Àwókù ilé alájà kan tó wà lẹ́bàá ọjà ni. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ta páànù àti ìṣó. Lókè ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ìlú, ìkómọ àti ìgbéyàwó. Èèyàn bí ogójì ló fi àmì ẹkún sí i. Èmi náà fi sí i. Àmọ́ ká sòótọ́, ta ló béèrè ilé yẹn nínú wa nígbà tó ṣì dúró?

Ẹ wo Òṣogbo, nígbà tí kò tíì di olú ìlú ìpínlẹ̀ kankan. Dúró Ládípọ̀ ní ilé ọtí kan níbẹ̀, Popular Bar lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1962, òun àti Ulli Beier sọ ọ́ di ilé eré àti àwòrán, bíi ti Mbari tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1961. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i sí tiwọn: Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde lọ́dún 1963; nígbà tó fi máa di 1964, eré náà ti dé Berlin. Ibẹ̀ náà ni Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀ àti Múráínà Oyèlámì ti kọ́ṣẹ́ àwòrán.

Ilé ọtí lásán o! Kì í ṣe yunifásítì, kì í ṣe ààfin.

Nítorí pé mo kàwé òfin, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí ìjọba kéde irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Àmọ́ Ilojo Bar l'Ékòó ńkọ́? Wọ́n kọ́ ọ lọ́dún 1855, wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ lọ́dún 2016. Ìkéde ò dá katakata dúró.

Mi ò dá ẹbí tó ni ilé tiwa lẹ́bi. Òrùlé ń jò, owó ilẹ̀ ń lọ sókè, ẹgbẹ́ ìlú sì ń ṣèpàdé lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn. Ṣé ká ní kí wọ́n máa febi tọ́jú ìtàn wa ni?

Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ́ kù nílùú yín, ẹ máa sanwó lò ó. Nínú gbogbo àríyá tá à ń gbé lọ sí gbọ̀ngàn oníẹ̀rọ amúlétutù, ẹ gbé ọ̀kan padà síbẹ̀. Ẹ bá ẹbí náà tọwọ́ bọ̀wé: ẹgbẹ́ á máa san owó ilé lọ́dọọdún, bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á, ẹgbẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lọ̀. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù yín gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Àmì ẹkún orí Wàásápù ò lè ra páànù kan ṣoṣo.