Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Akátà?

 

Lọ́jọ́ Sátidé, nínú ilé-ìkàwé tó wà ní òpópónà Canal ní Stapleton, nílùú New York, ọmọbìnrin kékeré kan mú ìwé ìtàn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ já a gbà, ó dá a padà sórí pẹpẹ. "Ìyẹn ò kàn wá, ti àwọn akátà ni. Lọ ṣe ìṣirò ẹ."

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ "akátà" yìí jà, orúkọ tí àwọn kan nínú wa fi ń pẹ̀gàn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Kò kàn wá kẹ̀? Lọ́jọ́ 3 oṣù Fẹ́búárì 1964, ọmọ ilé-ìwé tó lé ní 400,000 ló jókòó sílé ní New York, nítorí pé wọ́n ya ilé-ìwé àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ sí ti àwọn ọmọ funfun. Bayard Rustin àti Àlùfáà Milton Galamison ló ṣáájú wọn. Ìjà ẹ̀tọ́ yẹn kan náà ló bi òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ti 1965 tó jẹ́ kí àwa náà rí físà gbà.

Bay Street tí ọlọ́pàá ti fún Eric Garner, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan, lọ́rùn títí ó fi kú ní 2014 kò jìnnà sí ilé-ìkàwé náà. Ẹni tó ń fi àwọ̀ dáni lẹ́jọ́ kì í béèrè bóyá Ìlọrin ni baba ẹni ti wá.

Akéwì adúláwọ̀ Audre Lorde gbé ní St. Paul's Avenue, ní Stapleton níbí, láti 1972 sí 1987. Erékùṣù Kàríbíánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá, bí àwa náà ti ṣí wá. Yemọja tiwa wà nínú ìwé ewì rẹ̀ ti 1978. Ṣé akátà lòun náà?

Ẹ̀kọ́ kò sì mọ sórí ìṣirò nìkan. Bàbá mi wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1955. Nígbà tó mọ̀wé kà tán, ó fi ìka tọ rìsíìtì owó orí bàbá rẹ̀, ó rí i pé iye tí akọ̀wé kọ síbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n san. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo mọ̀ sí ẹ̀kọ́ nìyẹn: kí ọmọ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó mọ ibi tí yóò ti lọ béèrè rẹ̀.

 Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ mú ìwé yẹn fún ọmọ yín. Ọ̀fẹ́ ni káàdì ilé-ìkàwé, wọn kì í sì í gba owó ìtanràn mọ́ bí ìwé bá pẹ́ lọ́wọ́ yín.