ÀJẸ́ KÉ LÁNÀÁ, ỌMỌ KÚ LÓNÌÍ: ǸJẸ́ ẸJỌ́ TI PARÍ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ a mi orí, ẹjọ́ a sì parí lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ta ló rí àjẹ́ náà? Àìsàn wo ló ṣe ọmọ? Ọjọ́ mélòó ni àìsàn ti wà lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ igbe? Òru mélòó ni irú igbe bẹ́ẹ̀ ti dún tí ọmọ kankan kò kú? Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n adùn kì í ṣe ẹ̀rí. Lórí irú ẹ̀rí báyìí ni wọ́n ti lé ìyá arúgbó kúrò nínú ilé tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́, tí ọmọ kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí ìyá ọkọ kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra mọ́.

Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣòwò wà láàrin àwọn tí ń wé láwàní. Obìnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ gbé ẹkún tọ àáfáà lọ. Àáfáà tẹ yanrìn, ó gbé ojú sókè, ó ní: "Ọwọ́ ilé ọkọ ni, ìyá kan tí ó pupa, tí ó ga díẹ̀." Agbolé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò sí? Owó wọ àpò, tírà bọ́ sí ọrùn, ọ̀tá sì wọ ilé tí kò sí tẹ́lẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ IBRAHIM KÚ

Ní ọdún kẹwàá Hijira, Ibrahim, ọmọkùnrin tí Máríyà bí fún Ànábì Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), jáde láyé nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọjọ́ náà gan-an ni òòrùn ṣókùnkùn. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbé e sí January 632. Àwọn ará Mẹ̀dínà so ohun méjèèjì pọ̀, wọ́n ní ikú Ibrahim ló fà á.

Bí ó bá ṣe pé òkìkí ni Ànábì ń wá, ọjọ́ wo ni ìbá dára ju ọjọ́ yìí lọ? Bàbá ń sunkún, òòrùn ń bá a ṣọ̀fọ̀. Kí ó ṣáà dákẹ́ ni. Kò dákẹ́. Gẹ́gẹ́ bí Bukhari àti Muslim ti gbà á wá, ó sọ fún wọn pé àmì Ọlọ́hun ni òòrùn àti òṣùpá, pé wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹ̀dá kankan, ó sì pè wọ́n síbi ìrun àti àdúà. Irọ́ tí ó bu iyì fún un pàápàá, kò gbà á.

Gbogbo ẹ̀rí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni pé ohun méjì bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rí náà wó, nítorí pé okùnfà mìíràn wà tí ó tó ọ̀ràn náà láìsí ikú ẹnikẹ́ni: òṣùpá a máa gba iwájú òòrùn kọjá ní òpin oṣù, òjìji ilẹ̀ ayé a sì máa bo òṣùpá ní àárín oṣù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé òòrùn yóò ṣókùnkùn ní Nàìjíríà ní 29 March 2006. Ohun tí ìṣirò ti dá lọ́jọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kò lè jẹ́ ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ àná.

Síbẹ̀, nígbà tí òṣùpá ṣókùnkùn ní January 2001, àwọn ọ̀dọ́ kan tú sí ìgboro Maiduguri, wọ́n ń dáná sun ilé ọtí, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ń bẹ níbẹ̀ ló fà á. Harámù ni ọtí. Kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi òṣùpá ṣe ẹlẹ́rìí ti tako Ànábì tí ó ń pariwo pé òun ń jà fún.

ÀBÍKÚ ŃKỌ́?

Bí ọmọ bá ń kú léraléra lọ́wọ́ tọkọtaya, wọ́n á ní àbíkú ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀rí wọn ni pé ọmọ tí ó dé jọ èyí tí ó lọ. Pé ọmọ ilé kejì kò kú. Pé ìgbà ọyẹ́ àti ìgbà òjò ni ọwọ́ ayé máa ń le.

Kí ẹ̀jẹ̀ wá sọ tirẹ̀. Ní ọdún 1910, dókítà James Herrick ní Chicago tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa aláìsàn kan tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Àrùn tí Yorùbá ń pè ní fònìíkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló ní jẹ́nótáìpù AS. Ara rẹ̀ le koko, kò sì mọ̀. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti di SS. Kò sí ìyá ọkọ nínú ìṣirò yìí. Ọmọ tí ó dé jọ èyí tí ó lọ nítorí pé bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọmọ ilé kejì kò kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ òbí tirẹ̀ yàtọ̀. Òtútù a máa ru ìrora àrùn náà sókè. Òjò a máa bí ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri, ibà kì í sì í fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ọmọ SS.

Àáfáà yóò ní: "Ọmọ kẹrin ni mo so tírà fún, òun náà ló sì yè." Oyún tí AS méjì bá ní, ìpín mẹ́ta nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà kò ní jẹ́ SS. Ìpín mẹ́ta yìí ti wà nílẹ̀ kí àáfáà tó ki kálàmù bọ tàdáwà. Ẹni tí ó so tírà tí ọmọ rẹ̀ sì kú kì í padà wá jẹ́rìí. Ìtìjú a gbé e lọ sí ilé àáfáà mìíràn. Ẹni tí tirẹ̀ yè nìkan ló ń ròyìn kiri. Bákan náà ni aláìsàn tí ó sáré wá nígbà tí àìsàn dójú ẹ̀: ọ̀pọ̀ àìsàn tí ó bá ti dójú ẹ̀ a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá lára ẹni tí ó ti gbé oògùn ibà mì ní kọ̀rọ̀.

BÍ WỌ́N BÁ NÍ

Wọ́n á ní: "Ṣé Àlùkùránì kò sọ̀rọ̀ idán ni?" Ó sọ ọ́. Sūratul-Baqarah, áyà 102, sì fi kún un pé idán kò lè ni ẹnikẹ́ni lára àyàfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n pé olè wà nílùú kò sọ aládùúgbò di olè. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin, Sūratun-Nūr, áyà 4, ní kí ó mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó gba ọgọ́rin kòbókò. Ṣé ẹ̀sùn ìpànìyàn ni yóò wá di ohun tí yanrìn nìkan ń jẹ́rìí sí?

Kí ọ̀dọ́ má sì ṣubú sí òdìkejì. Pé okùnfà mìíràn ṣeé ṣe kò sọ ọ́ di òótọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó kú ni SS pa; ibà wà, ìgbẹ́ gbuuru wà, òtútù àyà wà. Iṣẹ́ okùnfà mìíràn ni láti gba ìdájọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó yára dá a. Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí. Ẹ̀jẹ̀ ṣeé yẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Yanrìn kò ṣeé bi léèrè.

Sūratul-Isrā', áyà 36, kọ̀ fún Mùsùlùmí láti tẹ̀lé ohun tí kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Etí, ojú àti ọkàn ni yóò jíhìn. Nítorí náà, kí Lèmọ́mù béèrè jẹ́nótáìpù kí ó tó so yìgì. Kí àáfáà tí ń tẹ yanrìn bẹ̀rù Ọlọ́hun. Kí ọmọ tí ó lé ìyá rẹ̀ jáde lọ tọrọ àforíjìn kí ikú tó yà wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá sì tún pa òwe àjẹ́ àná láwùjọ, kí ọ̀dọ́ kan dìde níbẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, kí ó béèrè pé: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àìsàn wo ló ṣe ọmọ?"

Kí Ọlọ́hun fi òye òtítọ́ kẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Āmīn.