Ìwé Àjákọ Bàbá Atẹ̀wé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ṣubú lóṣù tó kọjá, mo sì ti wo ẹ̀yìn.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń lò ní Bàrígà. Òun fi ń kọ́ṣẹ́ kóòdù, èmi fi ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n fún òun ní dátà díẹ̀ kí òun lè tọ́jú ètò irinṣẹ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dá a lóhùn pé, "Inú orí rẹ ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Má fi dátà mi ṣòfò." Ó dákẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iná mànàmáná fi dé lójijì pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, tó sì jó kọ̀ǹpútà náà. Ìdánwò iṣẹ́ àbúrò mi ku ọ̀la. Ọ̀rẹ́ kan ní Akoka yá wa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ilé tí kò sí àga nínú rẹ̀. Gbogbo àfikún tí àbúrò mi ti fi oṣù mẹ́jọ kó jọ sínú VS Code, èyí tó ń tọ́ka sí àṣìṣe, èyí tó ń to ìlà kóòdù gún régé, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ó jókòó títí di aago mẹ́ta òru, ó ń rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé òun ti gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ó pàdánù iṣẹ́ náà. Kò bá mi wí; èyí gan-an ló dùn mí jù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ gba ìwé ìpè ìgbéyàwó ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Bàbá tó tẹ̀ ẹ́ ṣí ìwé àjákọ kan tí tàdáwà ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n àwọ̀ àti irú bébà oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ lè kú, ọmọ mi. Bí ìwé yìí bá ṣáà ti wà, n ó tún ṣọ́ọ̀bù tò láàárọ̀ ọjọ́ kan."

Mo délé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi, mo sì ní kó kọ́ mi.

Ó ní ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Àwọn tó ń lo Vim, tí Bram Moolenaar gbé jáde ní 1991, a máa kọ ètò wọn sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ .vimrc, ibi tí wọ́n bá gbé e dé ni ilé wọn. VS Code, tí Microsoft gbé jáde ní 2015, náà ń gbọ́ àṣẹ. Ẹ ṣí ojú ìtẹ àṣẹ tí wọ́n ń pè ní terminal, kí ẹ tẹ:

code --list-extensions > afikun.txt

Orúkọ gbogbo àfikún yín yóò wọ inú fáìlì náà. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun tó ń lo Linux, ẹ tẹ:

xargs -n 1 code --install-extension < afikun.txt

Yóò dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì settings.json náà, nítorí inú rẹ̀ ni ìwọ̀n lẹ́tà àti àwọ̀ tí ẹ yàn wà. Àmọ́, ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín sínú fáìlì tí ẹ ó gbé síta.

Fáìlì méjèèjì kò wúwo. Ẹ lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Dátà tí mo fi dù ú nígbà náà kò tó èyí tí fídíò ẹyọ kan ń jẹ.

Àbúrò mi ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò mìíràn. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ní òun fẹ́ tọ́jú nǹkan, ẹ gbọ́ ọ dópin kí ẹ tó dá a lóhùn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.