Owó Oníbàárà Ni Wọ́n Fi Ń Ṣòwò

Dropshipping ni àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń pe òwò tí ẹni tó ń tajà kò ti ní ọjà lọ́wọ́. Ó gbé àwòrán síta, ó dá iye lé e, oníbàárà sanwó. Ìgbà náà ni ó tó lọ ra ọjà ọ̀hún níbòmíràn, tí ó sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà sí ojúlé oníbàárà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kan ọjà náà rárá. Oríṣi méjì ni òwò yìí pín sí, ìyàtọ̀ àárín wọn sì tóbi. Nínú ti àkọ́kọ́, ọlọ́jà ti bá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà, tàbí ẹni tó ń tà á lọ́pọ̀ fún àwọn ọlọ́jà mìíràn, ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa bá òun tọ́jú ẹrù, kí wọ́n sì máa bá òun fi ránṣẹ́. Nínú ti èkejì, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kankan. Ó rí fìtílà kan ní ilé ìtajà ńlá kan bíi Walmart, ní 28 dọ́là, ó da àwòrán rẹ̀ kọ sórí ọjà ayélujára eBay, ó ní 39 dọ́là ni òun ń tà á. Bí ẹnì kan bá rà á, òun náà á wọlé sí Walmart bí oníbàárà lásán, á ra ẹyọ kan, á sì fi àdírẹ́sì onítọ̀hún síbẹ̀.

Oríṣi kejì yìí ni wọ́n sábà máa ń polówó fún ọ̀dọ́ tó ń wá ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé kò gba owó ìbẹ̀rẹ̀, pé kò sí ewu níbẹ̀, àti pé bí ọjà bá bàjẹ́ tàbí tó pẹ́ lọ́nà, ẹjọ́ ilé ìtajà tó fi í ránṣẹ́ ni. Kò sí ọ̀kan tó jóòótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó wà nínú òwò náà. Owó oníbàárà ni. Ewu wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹrù wà lórí òun ni wọ́n gbé e rù. Ẹjọ́ sì wà lọ́rùn ẹni tó gba owó, yálà ó fọwọ́ kan ọjà tàbí kò fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ti gbìyànjú òwò yìí pẹ̀lú owó ńlá àti àdéhùn gidi mọ ibi tó ti ń kán. Ní 1999 ni Nick Swinmurn dá ilé-iṣẹ́ Zappos sílẹ̀ ní Kalifọ́níà láti máa ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀rẹ̀, wọn kì í ra bàtà pamọ́. Àwọn tó ń ṣe bàtà ló ń bá wọn fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà. Wàhálà tó ń yọ ni pé bàtà tí ojú ìwé sọ pé ó wà, ó ti tán nílé ẹni tó ń ṣe é, oníbàárà sì ti sanwó. Ní 2003, wọ́n fòpin sí i pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n ń tà ló ti ibẹ̀ wá. Tony Hsieh, tó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, ṣàlàyé ìpinnu yìí nínú ìwé rẹ̀ Delivering Happiness ti 2010. Oríṣi àkọ́kọ́ ni Zappos ń ṣe, èyí tó ní àdéhùn. Bí iye ọjà tó kù nílé bá lè tan ilé-iṣẹ́ tó bá àwọn tó ń ṣe bàtà dọ́rẹ̀ẹ́ jẹ, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí Walmart kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé?

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ló yẹ kí a fi ìṣirò yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn tó ń polówó òwò náà kì í ṣe ìṣirò náà dé òpin. Ọlọ́jà kan rí ohun kan ní 40 dọ́là, ó gbé e sórí ọjà ayélujára ní 52 dọ́là. Lójú, èrè 12 dọ́là ni. Ọjà ayélujára náà á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 15 nínú 100, dọ́là 7.80 ti lọ, ó ku 44.20. Nígbà tí ọlọ́jà bá fẹ́ ra ọjà náà, ilé ìtajà á gba owó orí ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò ní ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ tó fi hàn pé ó ń rà á láti tún tà. Bí owó orí bá jẹ́ ìdá 7 nínú 100, dọ́là 42.80 ni yóò san. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1.40. A kò tíì ka owó ìpolówó, a kò sì tíì ka wákàtí tó fi ń ṣọ́ iye ọjà kí ilé ìtajà má lọ fi kún un lóru.

Kí oníbàárà kan wá dá ọjà padà. Ó gbọ́dọ̀ gba 52 dọ́là rẹ̀ pé pérépéré. Bí ọjà ayélujára bá tilẹ̀ dá gbogbo owó iṣẹ́ tó yọ padà, tí ilé ìtajà náà sì gba ọjà rẹ̀ láìjiyàn, owó ìfiránṣẹ́ ìpadàbọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 9 dọ́là, ọjà méje mìíràn gbọ́dọ̀ tà kí àdánù yẹn tó dí. Bí ilé ìtajà bá kọ̀ láti gbà á, bóyá nítorí pé ọjọ́ ìdápadà ti kọjá tàbí pé páálí rẹ̀ ti ya, àdánù náà di dọ́là 51.80. Ọjà 37 ni yóò tà láìsí ìjákulẹ̀ kankan kí ó tó padà sí òdo. Òwò tí èrè ọjà 37 lè bá ìdápadà ẹyọ kan lọ, a kò gbọ́dọ̀ máa pè é ní òwò tí kò ní ewu.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń sọ pé kò sí i gbàgbé pé owó oníbàárà kì í tètè dé ọwọ́ ọlọ́jà. Àwọn ọjà ayélujára àti ilé-iṣẹ́ ìsanwó máa ń dá owó ọlọ́jà tuntun dúró títí ẹrù yóò fi dé. PayPal, fún àpẹẹrẹ, lè dá a dúró fún ọjọ́ 21. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọlọ́jà ti fi káàdì rẹ̀ ra ọjà. Ẹni tó ta ọjà 50 lọ́sẹ̀ kan lórí ìṣirò tó wà lókè yìí ti jẹ gbèsè káàdì tó lé ní 2,000 dọ́là, èrè tó ń retí kò sì ju 70 dọ́là lọ. Olówó kékeré kì í bọ́ nínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sọ fún pé kò gba kọ́bọ̀ ló sì ń kó sínú rẹ̀.

Lórí ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, òfin kò rújú. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti gbé òfin kalẹ̀ láti 1975 fún ọjà tí èèyàn rà nípasẹ̀ lẹ́tà; wọ́n fi tẹlifóònù kún un ní 1993, wọ́n sì la ti íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ní 2014. Ẹni tó bá polówó ọjà gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́yán lórí láti gbà pé ẹrù yóò kúrò nílẹ̀ ní ọjọ́ tí òun dá. Bí kò bá dá ọjọ́ kankan, 30 ọjọ́ ni. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, ó gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí ìdúró náà tàbí kí ó gba owó rẹ̀. Ẹni tó polówó, tó sì gba owó, ni òfin yìí ń bá wí. Ẹni tó bá a di ẹrù kọ́. Ní Britain, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti 2015 ní ọjà gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, oníbàárà sì ní 30 ọjọ́ láti kọ èyí tó ní àbùkù kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ìlànà 2013 ti kọ́kọ́ fún ẹni tó ra ọjà láìfojú rí i ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé, láti dá a padà láìsọ ìdí kankan. Ní Nàìjíríà, òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, sílẹ̀ fún oníbàárà tí kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e dé ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́ bí kò bá rí bó ṣe yẹ kó rí. Kò sí ibì kankan nínú òfin orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí “èmi kọ́ ni mo fi í ránṣẹ́” ti jẹ́ àwíjàre.

Ọ̀rọ̀ ìdánilójú ọjà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tí ó sì bàjẹ́ lóṣù kẹta nílò rìsíìtì. Rìsíìtì tó wà nílẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, iye tó wà lórí rẹ̀ kò bá èyí tó san mu, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í tún ẹ̀rọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ àfi fún ẹni tó rà á lọ́wọ́ ọlọ́jà tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí. Oníbàárà ti san 12 dọ́là lé iye ọjà, àbò tó bá 40 dọ́là wá kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn ọjà ayélujára pàápàá ti kọ oríṣi kejì yìí. Ìlànà eBay gba kí èèyàn máa ta ọjà tí ẹni tó ń tà lọ́pọ̀ yóò bá a fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ka gbígbé ọjà síta kí a tó lọ rà á ní ilé ìtajà mìíràn tí yóò fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà sí èèwọ̀. Amazon ní orúkọ ẹni tó ta ọjà nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì àti lára páálí, òun náà ni yóò sì gba ìdápadà. Àwọn tó ń san owó Prime, ètò ọmọ ẹgbẹ́ Amazon, kò tún gbọ́dọ̀ lo àǹfààní ìfiránṣẹ́ rẹ̀ fún ọjà tí wọ́n fẹ́ tún tà. Ẹni tó ra nǹkan lórí eBay, tí páálí Amazon sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ti rí àmì pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti rú òfin ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjìyà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa, owó tó wà nínú rẹ̀ á sì há síbẹ̀ títí wọn yóò fi yanjú ẹjọ́ àwọn oníbàárà.

Ìdí mìíràn tó lágbára fún èèwọ̀ yìí ni olè. Ọ̀nà kan wà tí àwọn ọ̀daràn ń gbà sọ káàdì jíjí di owó: wọn á polówó ọjà ní iye tó dínkù, oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan á sanwó gidi fún wọn, wọn á wá fi káàdì ẹlòmíràn tí wọ́n jí ra ọjà náà ní ilé ìtajà, wọn á sì ní kí ó lọ sílé oníbàárà. Ọjà dé, oníbàárà dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹni tó ni káàdì pariwo, ilé ìtajà pàdánù ọjà àti owó, orúkọ àti àdírẹ́sì oníbàárà aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ló sì wà nínú ìwé wọn. Lójú ilé ìtajà, kò sí bí wọ́n ṣe lè tètè dá ọlọ́jà olóòótọ́ tó ń ṣe oríṣi kejì mọ̀ yàtọ̀ sí olè yìí. Àkáǹtì kan, àdírẹ́sì àjèjì tó ń yí padà lójoojúmọ́, káàdì tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti ẹni tó ń gba ẹrù mu: àmì kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi hàn. Ìdí nìyẹn tí ilé ìtajà fi máa ń fagi lé irú ìbéèrè ọjà bẹ́ẹ̀ lójijì, tí ọlọ́jà á sì wà pẹ̀lú owó oníbàárà lọ́wọ́ láìsí ọjà.

Àwọn tó ń gbèjà òwò yìí láàárín àwọn Yorùbá máa ń ní kò yàtọ̀ sí ti alágbàtà tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró. Òótọ́ ni pé alágbàtà níí sọ ọjà dọ̀wọ́n, kò sì sí ẹni tó bínú sí èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàtà ẹ̀fọ́ tàbí aṣọ ti yẹ ọjà wò, ó mọ ọwọ́ tí òun ti gbà á, olówó ọjà náà sì mọ̀ ọ́n. Bí aṣọ bá ṣí, ìsọ̀ rẹ̀ ni oníbàárà ń gbé e padà sí. Ẹni tó ń da àwòrán Walmart kọ kò rí fìtílà náà rí, kò lè sọ bí iná rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, àpèjúwe tó kọ sábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ àpèjúwe ẹlòmíràn. Ohun kan náà ni a ń rí lórí Instagram àti WhatsApp nílé, níbi tí àwòrán bàtà kan ti ń ti ọwọ́ ọlọ́jà kan bọ́ sí ti èkejì láìjẹ́ pé ẹnì kankan nínú wọn ní bàtà náà nílẹ̀. Oníbàárà á sanwó fún ẹni àkọ́kọ́, ẹni ìkẹrin ni yóò fi ránṣẹ́, nígbà tí bàtà bá sì fún un lẹ́sẹ̀, olúkúlùkù á máa tọ́ka sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Oríṣi àkọ́kọ́ kò ní irú àbùkù yìí. Ọlọ́jà tó ní àdéhùn, tó ti fi owó ara rẹ̀ ra àpẹẹrẹ ọjà wò, tó mọ iye tó kù nílé, tó sì ní owó nílẹ̀ fún ìdápadà, ń ṣe òwò tó tọ́. Òun náà mọ̀ pé owó ń jáde kí ó tó wọlé.

Àwọn tó ń jèrè jù nínú ìgbàgbọ́ pé òwò yìí rọrùn ni àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023, àjọ FTC gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn èèyàn pé àwọn yóò bá wọn dá ilé ìtajà sílẹ̀ lórí Amazon àti Walmart, tí èrè yóò sì máa wọlé láìṣe wàhálà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 22 dọ́là ni àjọ náà ní ó ti lọ lọ́wọ́ àwọn tó gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀nà tí àwọn kan rò pé ó ṣẹ́kù, ìyẹn kí wọ́n máa ti ilẹ̀ Ṣáínà fi ọjà ránṣẹ́ ní ẹyọ ẹyọ, ti dín. Ìdáríjì owó orí VAT tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ní fún ẹrù tí kò ju 22 yúrò lọ parí ní ọjọ́ 1 oṣù keje 2021. Amẹ́ríkà, tó ti gbé ìdáríjì owó ibodè tirẹ̀ sókè sí 800 dọ́là ní 2016, fagi lé e fún ẹrù láti Ṣáínà àti Hong Kong ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún 2025, ó sì fagi lé e fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún náà. Bákan náà ni fífi ara pamọ́ sẹ́yìn àkáǹtì ti ń ṣòro. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2023, òfin INFORM ní Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí ọjà ayélujára gba orúkọ, nọ́ńbà owó orí àti àkáǹtì báńkì ẹni tó bá ta ọjà 200 tó mú 5,000 dọ́là wọlé láàárín oṣù 12, kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Fún ẹni tó bá ń tà tó 20,000 dọ́là lọ́dún, ọjà ayélujára náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ han oníbàárà, ó sì gbọ́dọ̀ sọ bí ẹlòmíràn bá jẹ́ ẹni tí yóò fi ọjà ránṣẹ́.