Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Já Bọ́ Láti Ojú Sánmà

Ní alẹ́ ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, èrò pé jọ sí etí omi ní Hong Kong, ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi àjọ̀dún ọtí àti oúnjẹ kan. Dróònù 100, èyí ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, ni a rán lọ sókè, olúkúlùkù pẹ̀lú fìtílà tirẹ̀, kí wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán sí ojú sánmà. Bí wọ́n ti ń jó lọ́wọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, títí 46 nínú wọn fi rì sínú omi. Àwọn tí ó ṣètò àjọ̀dún náà sọ pé àdánù náà ju mílíọ̀nù kan dọ́là ti Hong Kong lọ. Wọ́n ní a ti da àmì tí àwọn dróònù náà fi ń mọ ọ̀nà rú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè bi mí léèrè pé irú àmì wo ni èyí. Dróònù tí ń ṣeré bẹ́ẹ̀ kì í fi ojú wo ẹnì kejì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti pín ipò fún olúkúlùkù kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ní ìṣẹ́jú báyìí, kí ìwọ wà níhìn-ín, kí ìwọ wà lọ́hùn-ún. Kí ó tó lè mọ ibi tí òun wà, ó ní láti tẹ́tí sí àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé po. Ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní GPS, wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, agbára tí ó sì fi ń ránṣẹ́ sí wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti gílóòbù iná iyàrá àtijọ́ lọ. Nígbà tí ìró náà bá fi dé ilẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ẹ fi ojú inú wo baba arúgbó kan tí ó dúró ní òdìkejì odò, tí ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ júwe ọ̀nà fún ọmọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń lu agogo sí etí ọmọ náà, kí ni yóò gbọ́?

Àwọn eléré a máa gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n mọ̀ dájú, láti ṣàtúnṣe àṣìṣe inú ìró sátẹ́láìtì, tó bẹ́ẹ̀ tí dróònù fi ń mọ ipò rẹ̀ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kan náà ni ẹ̀rọ yìí ń gbọ́; bí ariwo bá bo ìró náà, kò sí ohun tí yóò tún ṣe.

Agogo tí mo wí kò ṣòro láti rí. Ẹ̀rọ kékeré ni, tí ènìyàn lè gbé sínú ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilẹ̀ púpọ̀ kà á léèwọ̀. Ní ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32,000 dọ́là lé awakọ̀ kan tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ rẹ̀ ń da iṣẹ́ rú ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Newark. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni ní pápá náà. Ó kàn ń fi ara pamọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ni. Èyí tí ó tún burú ju ariwo lọ ni ti ẹni tí ń sín ohùn sátẹ́láìtì jẹ. Ẹni tí etí rẹ̀ di mọ̀ pé òun kò gbọ́ràn. Ẹni tí a tàn jẹ kò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti mú ẹni tí ó da àmì rú, tí a sì fi í jófin, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi náà fẹ́ kí a fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba owó láti gbé ohun tí ó lè ṣeni léṣe lọ sókè nítòsí ọmọdé àti àgbà mọ̀ ṣáájú pé ohùn tí òun gbẹ́kẹ̀ lé kò lágbára. Bí onílé bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, olè ni ó jẹ̀bi lóòótọ́, síbẹ̀ a kò ní ṣàì bi onílé ní ìbéèrè. N kò kórìíra eré náà o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju báńgà tí ń dún gbàmù tí ń rú èéfín lọ.

Kí eléré jẹ́ kí dróònù rẹ̀ máa gbọ́ ju ohùn kan lọ: GPS, Galileo ti Yúróòpù, GLONASS ti Rọ́ṣíà, àti BeiDou ti Ṣáínà. Láti ọdún 2025 ni Galileo tilẹ̀ ti ń fi òǹtẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí a lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Kí ó ní ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ariwo ní pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́. Àwọn kan a máa fi ọgbà inú kọ̀ǹpútà yangàn, ọgbà tí dróònù kò gbọdọ̀ fò kọjá. Ó dára, ṣùgbọ́n bí a bá parọ́ ibi tí dróònù wà fún un, ọgbà náà yóò ṣí tẹ̀lé irọ́. Ọgbà tí èmi gbà gbọ́ ni àyè gbalasa láàárín eré àti òǹwòran. Ní Hong Kong, omi ni ó wà nísàlẹ̀, omi náà ni wọ́n sì bọ́ sí.

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tí ń da àmì rú. Ní ọjọ́ 14, oṣù keje, ọdún 2023, ní Melbourne, ní Ọsirélíà, dróònù 427 ni ó ṣègbé nínú 500, ọ̀pọ̀ jù lọ sínú omi. Nígbà tí àwọn olùwádìí ìjọba tú u wò, afẹ́fẹ́ tí ó le ju agbára wọn lọ ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Ìbáà ṣe afẹ́fẹ́, ìbáà ṣe ariwo, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò lè sọ pé, “A kò ní ṣe é lálẹ́ òní.” Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu nígbà tí èrò ti pé, tí a ti gba owó, tí àwọn ènìyàn pàtàkì sì ti jókòó sí iwájú.

Ní Hong Kong, eré ti ọjọ́ kejì kò wáyé. Àwọn kan yóò ti fi ìbínú gba ilé lọ. Bí ó bá ṣe pé mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, èmi náà ì bá bá wọn bínú fún wákàtí kan, kí n tó dúpẹ́.