Ríìmù Ńlá, Táyà Pẹlẹbẹ: Kí Ni A Fi Ń Pààrọ̀ Ẹwà?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo mú wá lónìí. Láàárín àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn, mo ń rí ohun kan lemọ́lemọ́: kí wọ́n tó yẹ bíréèkì wò, wọn a ti yọ ríìmù tó bá ọkọ̀ wá, wọn a sì fi èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí a fi ń pààrọ̀ ẹwà náà.

Ẹ jẹ́ kí a ka nọ́ńbà tó wà lára táyà. Ọ̀pọ̀ Toyota Corolla tó wà lójú títì wa ló ń lo 195/65R15. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 127. 15 ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Bí a bá fi 215/45R17 sí i, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kò ju mìlímítà 97 lọ. Ríìmù ló gba àyè. Rọ́bà ló fi àyè sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni rọ́bà yẹn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ni tìmùtìmù ọkọ̀.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó kúrú kì í tẹ̀ púpọ̀, nítorí náà bí ẹ bá yí sítíárì, ọkọ̀ a dáhùn kíákíá, kì í sì fì bí ẹ bá ń gba kọ́nà. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú bí ẹní, ìgbádùn gidi ni.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú ọ̀nà wa ló tẹ́jú bí ẹní? Bí táyà gíga bá já sí kòtò, rọ́bà a kọ́kọ́ tẹ̀, a sì gba ìyà náà kó tó kan irin. Bí táyà pẹlẹbẹ bá já sí i, etí kòtò lè fún rọ́bà mọ́ ríìmù. Okùn inú táyà a já, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a wú. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lẹ̀, pípààrọ̀ ni. Bí ó bá bẹ́ lórí eré, ẹ̀mí ló kàn. Ríìmù náà lè tẹ̀ tàbí kó sán. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, táyà tó fẹ̀ máa ń tètè léfòó lórí omi, pàápàá bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ. Ríìmù ńlá sì sábà máa ń wúwo, èyí tí ń mú kí ọkọ̀ jẹ epo sí i.

Àbúrò mi kan tó ń múra ìgbéyàwó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹwà ọkọ̀ kò jọ yín lójú ni?” Mo ní, “Ó jọ mí lójú. Àmọ́ àwọn wo ni wàá máa gbé lọ́dún tó ń bọ̀?” Mo wá fi nọ́ńbà kan tí ọ̀pọ̀ kì í wò hàn án. Lẹ́yìn 195/65R15, 91 ló sábà máa ń wà níbẹ̀: táyà kan lè ru kílò 615. Àwọn 215/45R17 kan wà tó jẹ́ 87, kílò 545 péré. Kílò 70 ti dín lórí ẹsẹ̀ kan, 280 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá kó ìyàwó, ọmọ, ìyá àgbà, àpò gààrí àti iṣu láti abúlé sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ojú kòtò kọjá.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi mọ sórí 16. 205/55R16 fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ti tẹ́lẹ̀ lápapọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tó mìlímítà 113, èyí tó jẹ́ 91 sì wọ́pọ̀. Ẹ rí i pé ihò bóòtù bá ara mu, kí táyà má sì ha ara ọkọ̀ bí ẹ bá yí sítíárì tán. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkọlé DOT pẹ̀lú: 3522 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2022. Bí owó bá tó ra ríìmù tí kò sì tó ra táyà tuntun mẹ́rin, tó jẹ́ pé tòkunbọ̀ tó ti gbó ni ẹ fẹ́ fi sí i, a jẹ́ pé owó náà kò tíì tó.

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Ìwà tí mo mọ̀ mọ́ ọkọ̀ rere ni kó gbé ẹbí délé ní àlàáfíà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.