Ẹ̀rù kan kì í bani lẹ́ẹ̀mejì



Bí ẹnì kan bá pa àlọ́ tó bani lẹ́rù lálẹ́ àná, tí wọ́n sì ní kó tún un pa lálẹ́ òní, kí ni yóò ṣe? Gbogbo ènìyàn ti mọ ibi tí iwin sá pamọ́ sí. Àyà kò ní já wọn mọ́. Nítorí náà, ó ní láti wá ọ̀nà mìíràn.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló dé bá Sam Raimi, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe sinimá. Ó ṣe sinimá kan tó ba ayé lẹ́rù. Nígbà tó ṣe èkejì rẹ̀, ó sọ ẹ̀rù di ẹ̀rín. Àwọn kan ní ó ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Èmi ní kò bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Sinimá kìíní

Ní ọdún 1979, Raimi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ inú igbó lọ ní Tennessee. Ọmọ 20 ọdún ni. Owó ọwọ́ wọn kò pọ̀. Wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò, kò sì tó 400,000 dọ́là. Sinimá náà jáde ní 1981. Orúkọ rẹ̀ ni The Evil Dead.

Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún lọ sinmi nínú ahéré kan. Wọ́n rí ìwé kan níbẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ohùn inú rẹ̀ pe ọfọ̀, àwọn ẹ̀mí búburú sì jí. Wọ́n ń gun àwọn ọ̀dọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo, Ash.

Báwo ni wọ́n ṣe dẹ́rù bani? Wọ́n so ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ pákó. Ènìyàn méjì gbé pákó náà, wọ́n sì ń sáré nínú igbó. Ẹni tó ń wò yóò máa rí igbó bí ẹni pé ojú ẹ̀mí náà ló fi ń wò ó, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ̀mí náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ojú kò rí ló ń já ọkàn láyà jù.

Sinimá kejì

Evil Dead II jáde ní 1987. Owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Ìtàn ahéré àti ìwé náà ni. Bruce Campbell ló ṣì ń ṣe Ash. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀mí búburú wọ ọwọ́ Ash. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwo mọ́ olúwa rẹ̀ lórí! Ash fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi gé e. Ó fi garawa bò ó mọ́lẹ̀, ó sì kó ìwé lé garawa náà kó má bàa sá. Ìwé òkè pátápátá ni A Farewell to Arms tí Hemingway kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «Ó dìgbóṣe, ohun ìjà». Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun ìjà àti apá. Ẹni tó mọ̀wé nìkan ni yóò rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ìdájọ́ mi

Àwọn tó ń ráhùn ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ti kìíní, ikú Linda, àfẹ́sọ́nà Ash, dunni gan-an. Nínú ti kejì, kíákíá ni wọ́n ti kọjá lórí rẹ̀, òkú rẹ̀ sì wá ń jó. Ìbànújẹ́ ni wọ́n fi san owó ẹ̀rín. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́.

Ṣùgbọ́n bí Raimi bá tún fi ẹ̀mí náà pamọ́ sínú igbó, ta ni yóò tàn? A ti mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá ń ta ọbẹ̀ àná, kó má sọ pé òní lòun sè é. Raimi da ti àná nù, ó sì se òmíràn.

Ẹ̀rín náà kì í sì í ṣe ẹ̀rín òfo. Ní ibì kan, orí àgbọ̀nrín tó wà lára ògiri bú sẹ́rìn-ín. Àtùpà rẹ́rìn-ín. Ìwé rẹ́rìn-ín. Ash, tó kù nìkan, bá wọn rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà fi di igbe. Ẹni tí ìyà ti jẹ dójú àmì mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Kì í ṣe sinimá ọmọdé o. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń ya bí omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi òṣùwọ̀n àgbàdo wọn epo. Ẹ fi ìbẹ̀rù wọn ti kìíní, kí ẹ fi ẹ̀rín wọn ti kejì. Ẹ ó rí i pé òṣùwọ̀n méjèèjì kún.